Ìwé owó lórí ikùn: bí mo ṣe kọ́ èémí kí n tó bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀

Akápò tí ohùn ẹ̀ bá ń gbọ̀n, olè ni lójú àwùjọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn lọ́dún tó kọjá, níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Tí oníbàárà bá dúró síwájú mi, mo lè nájà láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnu má rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n gbé máìkì lé mi lọ́wọ́ pé kí n ka ìṣirò owó, tí mo gbójú sókè tí mo rí èèyàn bíi 160 tí gbogbo wọn ń wò mí, àyà mi já. Ọ̀fun mi gbẹ bíi ti ẹni tó jẹ gààrí láìfi omi sí i. Ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi débi pé n ò rí ìlà tí mò ń kà mọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ìlà kẹta, ohùn mi ti di ti ewúrẹ́. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè!" Mo sáré ka ìyókù, mo jókòó.

Kọ́bọ̀ kan ò dín nínú owó yẹn o. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gba ìrẹsì mi lọ́wọ́ àwọn tó ń pín oúnjẹ, mo gbọ́ tí ìyá kan ń sọ fún èkejì ẹ̀ pé, "Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ṣé bó ṣe máa ń gbọ̀n nìyẹn?" N ò lè jẹ ìrẹsì náà tán.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìpàdé tọdún yìí, mo pinnu pé irú ẹ̀ ò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni mo kọ́kọ́ ṣe: "Ṣáà máa mí sínú dáadáa." Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí sínú gbùn-ùn, gbùn-ùn, bí ẹni tó ń fún táyà ní atẹ́gùn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí òòyì fi kọ́ mi. Ìka ọwọ́ mi wá ń ṣe bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí ẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú àwọn oníbàárà mi. Nígbà tó wá ra ọ̀pá márùn-ún, mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, kì í ṣe pé atẹ́gùn ò tó yín, ó pọ̀ jù ni." Ó ní téèyàn bá ń mí lọ́nà yẹn, gáàsì carbon dioxide tí à ń mí síta á jáde ju bó ṣe yẹ lọ, òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ á fún, ni orí á bá máa yíni, tí ìka á máa ṣe wìnnìwìnnì. Ó ní kí n jókòó kí òun ka èémí mi láìjẹ́ kí n mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀. Mo ti mí ní ìgbà 22 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ní àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ìgbà 12 sí 20 ló yẹ kó mí. Ọ̀rọ̀ ìpàdé yẹn nìkan tí mo ń rò fún un ti lé mi kọjá ibẹ̀.

Ó wá pe Kẹ́hìndé mi tó wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìka mi sí ọrùn ọwọ́ ọmọ náà níbi tí iṣan ti ń lù, ó ní kí Kẹ́hìndé fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, kó sì mí i síta díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ́mọ nílé, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Bó ṣe ń mí sínú, iṣan yẹn ń sáré, kì-kì-kì. Bó ṣe ń mí síta, ó ń falẹ̀, kì... kì... kì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ní iṣan mìíràn wà tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara, tí wọ́n ń pè ní vagus: ó wá láti ọpọlọ dé ọkàn, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn. Òun ló ń fa ìjánu ọkàn nígbà tí à ń mí síta. "Torí náà, èyí tó ń jáde ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Èyí tó ń wọlé á tọ́jú ara ẹ̀."

Látọjọ́ tí mo ti dáyé, wọ́n ní kí n mí sínú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ibi tó ń gbà jáde ni ìfọ̀kànbalẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ti sọ ọ́ kalẹ̀: mí kanlẹ̀ là ń wí. Èémí tó bá kan ilẹ̀, ó ti jáde tán nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Kẹ́hìndé tú íntánẹ́ẹ̀tì fún mi. Oríṣi mẹ́ta ni mo gbìyànjú. Àkọ́kọ́ ni èyí tí dókítà Amẹ́ríkà kan, Andrew Weil, sọ di gbajúmọ̀: fà á sínú títí wàá fi ka ení dé ẹẹ́rin, dá a dúró dé eéje, mí i síta dé ẹẹ́jọ. Ó lè dáa fún ẹni tó fẹ́ sùn. Èmi ò lè dá èémí dúró dé eéje. Nígbà tí mo bá ka aárùn-ún, ìgbà tí màá tún mí nìkan ni mò ń rò. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà máa ń lò: fà á dé ẹẹ́rin, dá a dúró dé ẹẹ́rin, mí síta dé ẹẹ́rin, tún dúró dé ẹẹ́rin. Ìyẹn bá mi lára mu tí mo bá wà lórí ìjókòó. Ìkẹta ló wá jẹ́ tèmi: fa èémí sí imú, má tíì mí síta, tún fa díẹ̀ lé e lórí, kó o wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu, kó pẹ́, kó tán pátápátá. Kẹ́hìndé kà á fún mi pé lọ́dún 2023, àwọn kan ní Yunifásítì Stanford ní kí àwọn èèyàn máa ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ fún oṣù kan, inú wọn sì yá gágá ju ti àwọn tó kàn jókòó tí wọ́n ń kíyè sí èémí wọn lọ. Mo ní ṣé iwájú ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n ti dán an wò? Ó ní rárá. Mo ní ó dáa, èmi á dán an wò níbẹ̀.

Kò sì ṣàjèjì sí mi. Ọmọ tó ti sunkún títí tó rẹ̀ ẹ́, ẹ wo bó ṣe máa ń fa èémí lẹ́ẹ̀mejì kó tó mí kanlẹ̀ tí oorun á gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ nìkan kọ́ ni mò ń wá, ohùn ńkọ́? Mo bá lọ bá bàbá tó ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn ò sì nílò máìkì. Wọ́n ní kí n mí kí àwọn rí i. Mo mí. Wọ́n mi orí. "Èjìká kì í mí, Ìyá Ìbejì. Kí lẹ gbé e sókè fún?" Wọ́n ní iṣan kan pààlà láàárín àyà àti ikùn, pé òun ló yẹ kó ṣiṣẹ́, tó bá sọ̀ kalẹ̀, ikùn á yọ síwájú, afẹ́fẹ́ á wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní kí n lọ sílé, kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí n gbé ìwé ńlá lé ikùn, kí n máa fi èémí gbé e sókè.

Ìwé tó tóbi jù nílé mi ni ìwé owó ẹgbẹ́. Òun náà ni mo gbé lé e.

Alẹ́ àkọ́kọ́, àyà mi ló ń lọ sókè sódò. Ìwé ò mira, àfi bí ẹni pé ó ń sùn. Mo gbé ọwọ́ òsì lé àyà kí n lè mọ̀ tó bá tún yọjú, mo sì dojú kọ mímí síta títí kò fi kù mọ́. Ìgbà tó tán pátápátá tí mo ṣíwọ́, tí mi ò fa nǹkan kan, èémí wọlé fúnra ẹ̀, ìwé owó sì dìde bí ìgbà tí búrẹ́dì ń wú nínú ààrò. Mo rẹ́rìn-ín sókè, ó já bọ́. Látọjọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálaalẹ́: mo fà á dé ẹẹ́rin, mo mí i síta dé ẹẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ìgbà mẹ́fà ni láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bàbá tún fún mi níṣẹ́ kejì: kí n máa tú èémí sílẹ̀ láti àárín eyín, "ssssss", kó lọ geere, kó má já. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ lò kó tó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo ti dé 21. Àwọn ọmọ ń pè mí ní gáàsì tó ń jò.

Iṣẹ́ tó ṣe mí láǹfààní jù ni bírò pupa. Bàbá ní ìlà orin kọ̀ọ̀kan ní ibi tí akọrin ti ń mí, kí ló dé tí ìwé ìṣirò ò ní í ní tiẹ̀? Mo rántí pé lọ́dún tó kọjá, àárín òǹkà ni èémí ti máa ń tán lẹ́nu mi, tí màá wá gbé odindi mílíọ̀nù mì. Mo fi bírò pupa fa ìlà síbi tí màá ti mí: "Owó tó wọlé lọ́dún yìí / jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rìnlá náírà / ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé méjìdínlógójì / àti igba ó lé àádọ́ta." Níbi àmì ìdánudúró, mo fa ìlà méjì. Orúkọ tí àwọn olùkọ́ wa fún un náà nìyẹn, ìdánudúró, ṣùgbọ́n èmi kì í dánu dúró tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí nọ́ọ̀sì ò sọ, tí bàbá náà ò sì lè mọ̀: ìró. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo wọ aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ, mo so ìró pinpin lórí bẹ́líìtì tí mo fi ń fún ikùn, mo ní kí n kàwé níwájú dígí. Ikùn tí mo ti ń kọ́ láti oṣù kan ò ráyè lọ síbì kankan, ni èjìká bá tún gòkè. Mo tú gbogbo ẹ̀ dànù. Bùbù àdìrẹ ni mo wọ̀ lọ, kò sóhun tó so mí nídìí. Wọ́n ní mo sanra. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, aago mẹ́wàá tí wọ́n kọ sínú ìwé ìkéde di aago méjìlá, bí àṣà wa. Wákàtí méjì tí mo fi jókòó, tí àyà mi bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, màá ka ẹẹ́rin-ẹẹ́rin mi lórí etí aṣọ. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo rìn lọ sídìí tábìlì, mo tẹ́ ìwé sílẹ̀, mo fa èémí lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe kọ́ ọ, mo tú u sílẹ̀. N ò mọ̀ pé wọ́n ti tan máìkì. "Hùùùùùù" jáde láti inú spíkà méjèèjì bí ìgbà tí ìjì fẹ́ jà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí o?" Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, ìyókù tó wà ní àyà mi sì bá ẹ̀rín yẹn jáde. Tí mo bá fẹ́ dá irú ẹ̀ ṣe lọ́gbọ́n-ọgbọ́n, n ò lè ṣe é.

N ò ní í purọ́ fún yín, ohùn mi gbọ̀n ní ìlà àkọ́kọ́. Orúnkún mi gbọ̀n títí mo fi parí, tábìlì ló bò mí láṣìírí. Ṣùgbọ́n láti ìlà kejì ni mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi láti ògiri ẹ̀yìn. Mo dé ibi pupa, mo mí. Mílíọ̀nù mẹ́rìnlá yẹn jáde ní ìgbà mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ pé.

Bàbá kan wà tó máa ń bi akápò ní ìbéèrè lọ́dọọdún. Wọ́n dìde. "Akápò, ₦87,400 tẹ́ ẹ pè ní onírúurú yẹn, onírúurú kí ni?" Ọkàn mi fò. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ni mo máa fi ń sáré pàdé irú ẹ̀. Mo fi ìka mi sórí ìlà náà, mo kọ́kọ́ mí síta. Mo rò pé mo ti dákẹ́ bíi wákàtí kan. Nínú fídíò tí Kẹ́hìndé gbà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni. Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá. ₦52,000 ni epo jẹnẹrétọ̀, ₦21,400 ni ìwé títẹ̀, ₦14,000 tó kù la fi kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó bímọ." Bàbá ní, "Ó dáa," wọ́n jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí mo jẹ ìrẹsì mi tán, mo tún gba moínmoín.

Ìyá tó sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ mi lọ́jọ́sí wá bá mi nídìí kúlà. Wọ́n rọra bi mí pé kí ni mo lò. Mo ní, "Mà, ẹní àti ìwé owó ni." Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń dùbúlẹ̀ tí mo ń gbé e lé ikùn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ sọ òótọ́, wọ́n lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ-ọmọ wọn ni, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú alẹ́, mà. Ìyá àgbà ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ yá àwọn ní ìwé yẹn, àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ àwọn ní Sátidé." Mo ní ìwé owó ẹgbẹ́ kì í jáde nílé akápò, kó sọ fún wọn pé Bíbélì ńlá wọn náà á gbé e.

Ọmọ náà ò dìde. "Wọ́n ní ìyẹn gan-an ni kí n gbà."