Ẹ̀rọ téèpù LTO tó ń dá iṣẹ́ dúró lásìkò ọyẹ́ ní Kabba

Iná ìfọ̀mọ́ ẹ̀rọ LTO-6, ẹ̀rọ tó ń kọ bákọ́ọ̀pù (ẹ̀dà fáìlì tá a fi pamọ́) sórí téèpù, ń tàn, tar, ètò tó ń kó fáìlì pọ̀, sì ń já pẹ̀lú “Input/output error”. Téèpù ò bàjẹ́ o. Eruku ọyẹ́, tí gbogbo wa mọ̀ ní ilẹ̀ Òkun, ló lẹ̀ mọ́ orí tó ń ka téèpù.

Ẹ ki káséètì ìfọ̀mọ́ bọ ẹ̀rọ náà; á fọ orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì tì í jáde. Ẹ má fi òwú àti sípíríìtì nù ún, ẹ lè ha á. Téèpù tó bá ti ibi gbígbóná dé, ẹ jẹ́ kó wà nínú yàrá ẹ̀rọ fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó lò ó.

Iná ìfọ̀mọ́ náà kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì ń falẹ̀. Díìsìkì USB tá à ń ka fáìlì láti orí rẹ̀ ni kò yára tó: téèpù á dúró, á padà sẹ́yìn, á tún gbéra, bẹ́ẹ̀ sì ni téèpù àti orí ẹ̀rọ ṣe ń gbó. Èyí ló yanjú rẹ̀; mbuffer á kọ́kọ́ kó fáìlì jọ sínú mẹ́mórì kó tó máa kọ ọ́ sórí téèpù:

tar -b 512 -cf - /data | mbuffer -m 4G -P 90 -s 256k -o /dev/nst0

Nst0 àti st0 ni orúkọ méjì tí Linux fi ń pe ẹ̀rọ téèpù kan náà. Ẹ lo nst0, ẹ má lo st0 láéláé. St0 máa ń yí téèpù padà síbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bákọ́ọ̀pù kejì á sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí téèpù padà síbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi bákọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tó wà lórí rẹ̀ wé díìsìkì:

mt -f /dev/nst0 rewind
tar -b 512 -df /dev/nst0 -C /

Bí kò bá sọ nǹkan kan, téèpù àti díìsìkì bára mu.