Ẹ Bá Ọmọ Sọ̀rọ̀, Kẹ́ Ẹ sì Dúró Kó Dá Yín Lóhùn

Ẹ̀yin òbí, àtinú oyún lọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ tuntun fi máa ń dá ohùn yẹn mọ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá ń wọṣọ fún un, ẹ máa dárúkọ nǹkan tọ́wọ́ yín wà lára ẹ̀: "ó yá, ká ki apá kan bọ̀ ọ́, apá kejì dà?"

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé a máa ń sọ̀rọ̀ lé ọmọ lórí ṣáá, a kì í dúró. Ọmọ oṣù 3 tó ń ṣe "aaa, ooo" yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń bá yín sọ o, ẹ wojú ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe "ooo" padà fún un, kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ ka ení títí dé àárùn-ún nínú yín kẹ́ ẹ tó sọ òmíì, torí ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ọmọdé tó rí èsì fọ̀. Tó bá ti ń nàka sí nǹkan, nǹkan tóun ń wò yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dárúkọ, ìyẹn ló máa ń tètè yé e.

Tó bá ní "ológbò," ẹ fi kún un: "bẹ́ẹ̀ ni, ológbò ń sùn." Tó bá ṣì í pè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kàn pè é bó ṣe yẹ kóun náà gbọ́. Èdè méjì nínú ilé ò dí ọmọ lọ́wọ́, kódà tó bá ń pò wọ́n pọ̀.

Fóònù àti tẹlifíṣàn ò lè gbaṣẹ́ yìí ṣe, wọn ò lè dúró gbọ́ tọmọ. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1 má wò ó rárá, kí tọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́.

Ọmọ ò rí bákan náà lóòótọ́, àmọ́ tó bá pé ọdún 1 tí ò tíì máa ṣe "bababa," tí kì í nàka tàbí juwọ́, tó pé ọdún 2 tí ò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ bá dàwátì, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní "á sọ̀rọ̀ tó bá yá," ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí ẹ̀ wò.