Ẹ má kàn da ẹja tuntun sínú tánkì omi iyọ̀ yín bẹ́ẹ̀ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja omi iyọ̀ nílé l'Ékòó, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹlẹgbẹ́ fún clownfish yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á lónìí kẹ́ ẹ dà á sínú tánkì ńlá lónìí náà. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Ẹja yẹn lè máa jẹun, kó máa lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, kí marine ich, àrùn kòkòrò tó ń fi àmì funfun sára ẹja, sì ti wà níbi tó fi ń mí, ẹ ò sì ní tíì rí àmì funfun kankan lára ẹ̀. Tó bá wọ tánkì, gbogbo ẹja ló máa kó o. Oògùn copper tó ń pa kòkòrò yẹn, ó ń pa edé àti coral náà, ìyẹn ni pé ẹ máa kó gbogbo ẹja jáde lọ tọ́jú wọn níbòmíì, kí tánkì wà láìsí ẹja fún bí ọjọ́ 76 kí kòkòrò náà lè kú tán. Ṣé ẹ rí wàhálà yẹn? Ẹ kọ́kọ́ fi ẹja tuntun sínú tánkì kékeré lọ́tọ̀: fíltà, páìpù PVC kan tó máa sápamọ́ sí, ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán, ó parí.

Ẹ má sì rò pé bákan náà ni iyọ̀ omi ṣe pọ̀ tó níbi gbogbo. Ìwọ̀n iyọ̀ (specific gravity) omi ẹni tó tà á fún yín lè jẹ́ 1.019 kí tiyín jẹ́ 1.025, ẹ fi refractometer, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi, wọ̀n ọ́n. Tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá dá yín dúró lórí Third Mainland, amóníà, májèlé tó ń jáde lára ẹja, ti ń pọ̀ nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ fi gbé ẹja nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì ti ṣí i, pH omi náà á gòkè (omi á dín kíkan kù), amóníà náà á le sí i, torí náà ẹ ti jẹ́ kí iyọ̀ tánkì kékeré bá ti omi ẹni tó tà á mu ṣáájú, kẹ́ ẹ gbé ẹja síbẹ̀ kíá, kẹ́ ẹ wá máa fi iyọ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Omi inú ọ̀rá, ẹ dà á nù. Ẹ má sì lọ bu omi ọ̀sà o, iyọ̀ ẹ̀ ò tó, ìdọ̀tí kún inú ẹ̀.

Ẹja tó lè jà bíi damsel, òun ni kó wọlé kẹ́yìn. Tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sún òkúta káàkiri kó má bàa mọ ibi tó ń pè ní tiẹ̀ mọ́, ẹ paná, ẹ sì bo tánkì, torí ẹja tẹ́rù ń bà máa ń fò jáde.

Àti iná o! Tí NEPA bá mú iná lọ, pọ́ńpù á dúró, afẹ́fẹ́ inú omi á dínkù, ẹ ra pọ́ńpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì kẹ́ ẹ tó ra ẹja.