Bí mo ṣe dá jíjò òrùlé páànù wa dúró

Páànù alumíníọ̀mù gígùn ni wọ́n kàn sórí ilé wa l'Abẹ́òkúta. Bí òjò bá ti rọ̀, àjà yàrá Màmá á rin gbindin. Àwọn kan ní ká pààrọ̀ gbogbo páànù. Mi ò gbà, torí páànù fúnra rẹ̀ kò lu.

Ìṣó ló fa wàhálà. Inú kòtò páànù, níbi tí omi ń ṣàn gbà, ni wọ́n kàn án sí, rọ́bà ìdí rẹ̀ sì ti ya. Oòrùn tún dá kún un: bí páànù mítà 6 bá fi ìwọ̀n 40 Sẹ́lísíọ́sì gbóná sí i, ó máa ń gùn sí i ju mìlímítà 5 lọ. Alẹ́ á lẹ́, á tún súnkì. Bẹ́ẹ̀ ni ihò ìṣó ṣe ń fẹ̀.

Èmi àti kápẹ́ńtà yọ àwọn ìṣó náà, a fi ègé páànù àti sílíkónì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí omi kì í wọ̀, dí ihò wọn, a wá fi skúrù onírọ́bà de páànù náà ní ibi tó ga lára rẹ̀, kì í ṣe inú kòtò. Ẹ má dè é le jù o, rọ́bà á fọ́. Bí ẹ bá gun òrùlé, ibi tí igi wà lábẹ́ nìkan ni kí ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Àjà Màmá gbẹ.