Bí Ọmọ Yín Bá Ń Lọ Ilé Ìwé Ìjọba ní Amẹ́ríkà: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Nípa Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn

Mùsùlùmí ni mí, pásítọ̀ sì ni ọkọ àbúrò mi. Ilé ìwé ìjọba ni àwọn ọmọ wa jọ ń lọ níbí. Torí náà, ìbéèrè àwọn òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe àjèjì sí mi: “Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti lé Ọlọ́run kúrò nílé ìwé?” Rárá o. Ọmọ lè gbàdúrà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni kò gbọdọ̀ máa darí àdúrà fún un.

Láti ọdún 1791 ló ti wà nínú òfin wọn pé ìjọba kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀sìn kalẹ̀ fún aráàlú, kò sì gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe tirẹ̀. Ní 1962, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé àdúrà kúkúrú kan tí àwọn aláṣẹ kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní New York, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí kò bá fẹ́ lè yọ ara rẹ̀.

Nítorí náà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ló ṣe é? Tó bá jẹ́ pé ọmọ ló dúró kírun Àìlà nígbà ìsinmi ọ̀sán, tàbí tó dákẹ́ gbàdúrà kó tó jẹun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé tíṣà ìtàn ń ṣàlàyé òpó márùn-ún Ìsìláàmù tàbí ìtàn Lútérì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ Kristẹni, ẹ̀kọ́ ni, ẹ má gbé ìjà lọ síbẹ̀.

Ti kóòṣì ọmọ mi obìnrin yàtọ̀. Kí wọ́n tó wọ pápá, á ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, òun á sì gbàdúrà lórúkọ Jésù. Ẹ̀rù ń ba ọmọ mi pé bóun bá yẹra, wọn ò ní jẹ́ kóun gbá bọ́ọ̀lù. Mo kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé. Kóòṣì náà dáwọ́ dúró. Ká ní tíṣà Mùsùlùmí ló ń fi tipátipá darí àwọn ọmọ àbúrò mi sínú Fátíhà ni, ohun kan náà ni ǹ bá ṣe. Tí ọ̀gá ilé ìwé ò bá dáhùn, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ ilé ìwé àdúgbò yín níbi ìpàdé wọn. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú ní Amẹ́ríkà, máa ń gba irú ẹjọ́ báyìí láìgba kọ́bọ̀.

Ní ti ọdún Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ kọ ímeèlì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, pé ọdún ẹ̀sìn ni, àti bí yóò ṣe ṣe ìdánwò tó bá bọ́ sí ọjọ́ náà. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra ni kí ẹ kọ fún Ìtúnu, torí oṣù lè má tètè yọ. Ẹ tọ́jú èsì wọn.

Àwọn ọmọ girama tún lè dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀. Òfin ọdún 1984 sọ pé ilé ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀, tó sì fàyè gba ẹgbẹ́ mìíràn tí kò jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ kíláàsì, kò lè kọ ti ẹlẹ́sìn. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni kó máa darí rẹ̀.

Ilé ìwé ìjọba ni gbogbo èyí kàn. Tó bá jẹ́ ti Kátólíìkì lẹ ń sanwó fún, ẹ ka àdéhùn wọn dáadáa kí ẹ tó buwọ́ lù ú, torí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí gbogbo ọmọ wá sí ìsìn.