Rímù 17 Tó Ń Ha Abẹ́ Fẹ́ńdà Corolla Mi

Owó ṣọ́ọ̀kì méjì (ohun tó ń gba jìgìjìgì ọkọ̀) tí wọ́n ní kí n rà lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, torí kò sí ohunkóhun tó ṣe ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ mi.

Corolla 2005 ni mo ń wà, rímù 15 ló bá a wá. Ìlọrin níbí ni mo ti ra rímù 17 pẹ̀lú táyà rẹ̀. Ẹni tó tà á sọ fún mi pé, "Alfa, ẹ fọkàn balẹ̀, wẹ́kú ló máa ṣe." Wọ́n dè é, ọkọ̀ náà sì rẹwà. Àmọ́ tí mo bá ti fẹ́ ṣẹ́rí padà ní Tánkẹ̀, tí mo yí sítíárìn dópin, táyà iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í ha nǹkan, gìrìrì! Lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo ńkọ́? Tí èrò bá kún ẹ̀yìn, tí mo já sí kòtò, tẹ̀yìn náà á gbà á.

Mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀kì ló ti rọ̀. Mo ra òmíràn, ó dè é, n kò tíì kọjá Gáà Àkànbí tí ariwo fi padà. Ó tún ní ká ki rọ́bà bọ àárín sípíríǹgì. Mo kọ̀. Pánẹ́bítà ní kí òun gé etí fẹ́ńdà, ìyẹn irin ara ọkọ̀ tó bo táyà, fẹ́ńdà tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀! Inú bí mi gan-an. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ibi tí táyà ti ń kan nǹkan.

Mo ra ẹfun. Mo fi kun èjìká táyà, mo wa ọkọ̀ yípo, mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ fẹ́ńdà. Ike dúdú tó wà nínú, lápá bọ́ńpà, ni ẹfun lẹ̀ mọ́. Ní ti táyà ẹ̀yìn, òkè fẹ́ńdà ló kàn. Táyà ló ga jù nìyẹn.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 195/65R15 ni ti tẹ́lẹ̀: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 195, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 127. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi mìlímítà 381 ti rímù íǹṣì 15 kún un, gíga gbogbo táyà di nǹkan bíi 634. 215/55R17 ni wọ́n tà fún mi, táyà Camry! Òun jẹ́ 668. Tí aago eré ọkọ̀ bá ń fi 80 hàn, nǹkan bíi 84 ni mo ń sá. 205/50R17 ló yẹ Corolla mi, 637 péré ni.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni dídá táyà padà. Ontáyà ní èyí tó bá ti tẹ ilẹ̀ ti di tòkúnbọ̀. Mo ní òun ló sọ pé wẹ́kú ni. Ó ní rímù lòun ń sọ. A fà á títí oòrùn fi rọ̀, kí bàbá tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó dá sí i. Ìdajì owó ni wọ́n kà fún mi, mo sì fowó kún un ra 205/50R17.

Fọganáísà pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ṣe aláímẹ́ǹtì (wọ́n to ẹsẹ̀ táyà kó dúró tọ́), ó parí. Mo kó ẹbí dé Ọ̀mù-Àrán, iṣu kún búùtù, kò ha ibì kankan. Irin fẹ́ńdà mi ṣì pé, n kò sì gbé ọkọ̀ sókè. Inú mi dùn sí èyí púpọ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra tiyín, ẹ kọ nọ́ńbà táyà àtijọ́ sínú fóònù, kí ẹ sì ṣírò gíga rẹ̀ níwájú ontáyà kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé R17: 89 ń gbé kílò 580 lórí táyà kan, 93 ń gbé 650. 93 lèmi mú, nítorí èrò àti ẹrù.