Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Po Tíì Aláwọ̀ Ewé

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn tíì, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tíì dúdú nìkan ni mo mọ̀ ọ́n po dáadáa. Nígbàkigbà tí mo bá ra tíì aláwọ̀ ewé, ńṣe ló máa ń korò lẹ́nu mi bíi jogbo, màá sì dà á nù pẹ̀lú èrò pé ewé náà ni kò dára.

Ohun tó yí èrò mi padà ni pé mo kà pé ara irúgbìn kan náà, Camellia sinensis, ni wọ́n ti ń já ewé tíì dúdú, aláwọ̀ ewé, funfun àti Oolong, ìyẹn tíì tó wà láàárín dúdú àti aláwọ̀ ewé. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló mú ìyàtọ̀ wá. Wọ́n máa ń lọ́ ewé tíì dúdú, wọ́n á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ títí yóò fi ṣú. Ní ti aláwọ̀ ewé, kíákíá ni wọ́n ń fi ooru dá iṣẹ́ yẹn dúró. Ní Japan, ooru omi gbígbóná ni wọ́n sábà máa ń lò. Ní Ṣáínà, wọ́n sábà máa ń yan án nínú ìkòkò gbígbóná. Ó wá yé mi pé ó ṣeé ṣe kí omi tí mo ń dà lé e lórí ni kò bá a mu.

Mo wọn ewé gíráàmù 2 sínú ife mẹ́ta, mo da omi mílílítà 100 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì sẹ́ wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni mo dà sí ife àkọ́kọ́, ti èkejì jẹ́ 80°C, ti ẹ̀kẹta sì jẹ́ 70°C. Tẹmómítà ni mo fi wọ̀n wọ́n. Ife àkọ́kọ́ korò, ó sì gbẹ mí lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èkejì ń ta sánsán bíi koríko tútù, ìkorò rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta! Adùn pẹ̀lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó pẹ́ lórí ahọ́n mi lẹ́yìn tí mo gbé e mì. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni catechin, èròjà tó ń korò, ṣe máa ń tètè jáde tó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, theanine tó ní adùn máa ń jáde dáadáa nínú omi tí kò gbóná púpọ̀.

Oolong ni mo tún gbìyànjú lẹ́yìn náà, pẹ̀lú omi 95°C. Ewé kan náà ni mo da omi lé lẹ́ẹ̀mẹrin, bó sì ṣe ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ń yí padà. Lójú tèmi, omi kẹta ló dára jù.

Páálí tíì aláwọ̀ ewé tí mo ti fẹ́ jù nù ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Omi 70°C ni mo fi mu ún tán.